Táyà Ni Mo Kọ́kọ́ Ń Yàn: Jíà, Bíréèkì àti Táyà fún Kẹ̀kẹ́ Gravel

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ gravel, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn lórí títì ọlọ́dà àti lórí ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́, tàbí tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ọ̀kan, ọ̀rọ̀ jíà ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè, bíréèkì a tẹ̀ lé e, táyà a sì di ohun tí wọ́n rò pé àwọn yóò bójú tó nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá délé tán. Èrò tèmi ni pé òdìkejì ètò yìí ló tọ́. Táyà nìkan ni ó ń fara kan ilẹ̀. Bí kò bá di ilẹ̀ mú, kò sí jíà tí ó lè ti kẹ̀kẹ́ náà síwájú, kò sì sí bíréèkì tí ó lè dá a dúró. Kẹ̀kẹ́ tí a fẹ́ gùn lórí títì ọlọ́dà, lórí òkúta wẹ́wẹ́, lórí yanrìn àti nínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ kan náà kò ṣeé yàn ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, nítorí pé bí a bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, méjì yòókù kò ní wà bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Kí n tó dárúkọ ìwọ̀n kankan, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ẹni tí ó bá wá ìmọ̀ràn: apá wo nínú ọ̀nà rẹ ni ó burú jù, tí o kò sì lè yà fún? Ọ̀pọ̀ ló máa ń dáhùn pé ọ̀dà ló pọ̀ jù nínú ọ̀nà tí àwọn ń gbà, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n táyà tí ó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lórí ọ̀dà kò ní ṣe ju pé kí ó fa ènìyàn sẹ́yìn díẹ̀, nígbà tí táyà tí kò fẹ̀ tó nínú yanrìn yóò mú kí ènìyàn bọ́ sílẹ̀ kí ó máa ti kẹ̀kẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi apá tí ó burú jù ṣe òṣùwọ̀n, bí ó bá ti jẹ́ ibi tí a ń gbà lóòrèkóòrè. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí a bọ́ sílẹ̀ kí a rìn ín kọjá.

Lórí ọ̀dà tí ó ti ń fọ́ àti ilẹ̀ tí ó ti le dáadáa, táyà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35 tó. Níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ bá ti ń yí lábẹ́ kẹ̀kẹ́, 40 sí 45 ni mo fẹ́, pàápàá fún ẹni tí ó ń gbé ẹrù. Yanrìn tí ó jìn àti òkúta gbàǹgbà-gbàǹgbà ń fẹ́ 45 sí 50. Ṣùgbọ́n férémù ló ń sọ ibi tí a lè fẹ̀ dé, nọ́ńbà tí wọ́n sì kọ sí ara táyà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òtítọ́: táyà 40 tí a gbé sórí rííìmù tí ó fẹ̀ lè tó 42 nígbà tí ó bá ti gba atẹ́gùn fún ọjọ́ kan. Kálípà, irin tí a fi ń wọn fífẹ̀ nǹkan, ni kí a fi wọ̀n ọ́n. Àlàfo mìlímítà 6 lápá ọ̀tún àti lápá òsì ni mo ń wá, nítorí ẹrẹ̀. Bí o bá yí kẹ̀kẹ́ tí àlàfo rẹ̀ kò tó, tí wọ́n sì ti gùn nínú ẹrẹ̀, dorí kodò, tí o wo inú àwọn ọ̀pá méjì tí ó kọjá lọ́tùn-ún lósì táyà ẹ̀yìn, nítòsí pẹ́dàlì, wàá rí ojú kan tí ọ̀dà tí wọ́n fi kun férémù ti họ pátápátá bí ẹni pé wọ́n fi yanrìn ha á. Òkúta kéékèèké tí ó lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ ara táyà ló ṣe é. Bí férémù náà bá jẹ́ irin, ìpẹta ni yóò tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ carbon, tí wọ́n fi fọ́nrán dúdú tín-ín-rín lẹ̀ pọ̀ ṣe, fọ́nrán inú rẹ̀ gan-an ni yóò máa jẹ lọ, ìyẹn sì burú ju ìpẹta lọ.

Àwọn férémù kan gba ìwọ̀n ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ (rííìmù pẹ̀lú táyà rẹ̀) méjì: 700C, tí ibi tí táyà jókòó sí lára rííìmù rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 622 láti ìhà kan dé ìkejì, àti 650B, tí tirẹ̀ jẹ́ 584. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kékeré máa ń fi ààyè sílẹ̀ fún táyà tí ó fẹ̀ sí i. Ẹsẹ̀ 700C tí ó wọ táyà 40 ga ní mìlímítà 702. 650B tí ó wọ táyà 47 ga ní 678. Èyí túmọ̀ sí pé pẹ́dàlì yóò fi mìlímítà 12 súnmọ́ ilẹ̀ sí i, èyí tí ènìyàn máa ń mọ̀ lára níbi tí òkúta bá ti yọ orí, àti pé gbogbo jíà yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ sí i láìjẹ́ pé a pààrọ̀ irin eléyín kankan tí ṣéènì ń gùn.

Bí a bá ti yan fífẹ̀, atẹ́gùn inú táyà ló kàn, ó sì ṣe pàtàkì ju àwòrán ara táyà lọ lójú tèmi. Táyà tí ó le koko máa ń sáré lórí ọ̀dà tí ó dán, ṣùgbọ́n lórí òkúta wẹ́wẹ́, ṣe ni yóò máa sọ kẹ̀kẹ́ àti ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ sókè ní gbogbo òkúta tí ó bá kàn, agbára tí ó yẹ kí ó gbé wa síwájú a sì ṣòfò sínú gbígbọ̀n ẹran ara. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ mọ níwọ̀n yóò tẹ̀ bá òkúta náà, yóò sì kọjá lórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Fún ẹni tí ó wọn kílò 75, tí ó ń lo táyà 40 tí kò ní tíúùbù, psi 30 (psi ni òṣùwọ̀n atẹ́gùn inú táyà) níwájú àti 33 lẹ́yìn jẹ́ ibi tí ó dára láti ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹ̀yìn ló ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n ara wa. Láti ibẹ̀, kí a máa dín in kù ní méjì-méjì títí a ó fi gbọ́ kí rííìmù kan òkúta tàbí tí táyà bá ń yẹ̀ lábẹ́ wa ní kọ́nà, kí a wá dá díẹ̀ padà. Àtàǹpàkò kò lè sọ ìyàtọ̀ psi 30 sí 36 fún ẹnikẹ́ni. Gééjì tí ó ń ka nọ́ńbà kékeré dáadáa ni kí a rà. Ẹni tí rííìmù rẹ̀ bá sì jẹ́ èyí tí kò ní ìkọ́ tí ń di táyà mú létí kò gbọ́dọ̀ kọjá báà 5 (báà jẹ́ òṣùwọ̀n atẹ́gùn mìíràn), ìyẹn nǹkan bí psi 72.

Táyà tí kò lo tíúùbù ni mo fọwọ́ sí fún irú ọ̀nà báyìí, nítorí pé nígbà tí atẹ́gùn bá kéré, tíúùbù ni ó máa ń há sáàárín rííìmù àti òkúta, tí yóò sì lu ojú méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi funfun tí a ń dà sínú rẹ̀ máa ń dí ihò kéékèèké kí a tó mọ̀ pé nǹkan gún un. Àmọ́ omi náà ń gbẹ, ó sì yára gbẹ níbi tí oòrùn bá ti mú. Kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù méjì sí mẹ́ta. Kò lè dí ibi tí òkúta mímú bá ti ya ẹ̀gbẹ́ táyà. Ní agbègbè Flint Hills ní Kansas, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìdíje Unbound Gravel ti ń wáyé láti ìlú Emporia, òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ mú débi pé ẹ̀gbẹ́ táyà tí ó nípọn ni ọ̀pọ̀ ń wá ṣáájú ohun mìíràn, bó tilẹ̀ wúwo. Nípa àwòrán ara táyà, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: èyí tí àárín rẹ̀ dán tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní kókó díẹ̀ dára fún ọ̀nà tí ó dà pọ̀, kókó gíga tí ó jìnnà síra sì wà fún ẹrẹ̀, nítorí pé ẹrẹ̀ a máa jábọ́ láàárín rẹ̀.

A wá dé orí jíà. Jíà tí ó fúyẹ́ jù ni kí a kọ́kọ́ pinnu, kí a má ti ìhà ìsáré bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹsẹ̀ 700C pẹ̀lú táyà 40 ń rìn ní mítà 2.2 bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí irin iwájú, èyí tí ó wà ní ìdí pẹ́dàlì, bá ní eyín 40, tí èyí tí ó tóbi jù lẹ́yìn sì ní 42, yíyí pẹ́dàlì kan yóò gbé wa ní mítà 2.1. Ká ní ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ wọn kílò 85, tí wọ́n ń gun òkè tí ó ń fi mítà 15 ga nínú mítà 100, tí pẹ́dàlì sì ń yí ní 60 ní ìṣẹ́jú kan: wáàtì 260 ni gígun náà nìkan yóò gbà, láìka ohun tí yanrìn àti òkúta ń jẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ló lè dúró ti ìyẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí a bá fi irin eléyín 30 rọ́pò 40 níwájú, yóò wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 195. Àwọn tí ń tà á máa ń pe jíà 40 sí 42 ní jíà òkè, ṣùgbọ́n orúnkún ẹni tí ó ń gbé ẹrù mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Níhìn-ín ni táyà ti tún yọjú. Lórí òkúta tí ń yí, ènìyàn kò lè dìde dúró lórí pẹ́dàlì bí ó ṣe ń ṣe lórí ọ̀dà, torí pé bí ó bá ti gbé ìdí kúrò lórí àga, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò fúyẹ́, yóò sì máa yí lásán, yóò máa ta òkúta sẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ jókòó, kí ó máa yí pẹ́dàlì rọra láìfi agbára já a gbà, ohun tí jíà fífúyẹ́ ń fún un láyè láti ṣe sì nìyẹn.

Àríyànjiyàn ńlá ni bóyá irin kan tàbí méjì ló yẹ níwájú. Irin kan rọrùn: kò sí ohun tí ẹrẹ̀ yóò dí níwájú, eyín rẹ̀ tí ó nípọn lẹ́yọ kan tí ó tín-ín-rín lẹ́yọ kan máa ń di ṣéènì mú, pàápàá bí apá ẹ̀yìn tí ó ń gbé ṣéènì láti irin kan sí òmíràn bá ní ohun tí ń mú un le tí kò fi ní máa jó. Ohun tí a fi san án ni àlàfo láàárín jíà. Nínú àkójọ irin ẹ̀yìn tí eyín rẹ̀ jẹ́ 11 sí 42, tí irin inú rẹ̀ sì jẹ́ mọ́kànlá, a máa ń bọ́ láti eyín 28 sí 32, tí pẹ́dàlì tí ó ń yí ní 80 ní ìṣẹ́jú kan yóò di 91 lójijì. Nínú 11 sí 34, a ń bọ́ láti 25 sí 27, 80 a sì di 86. Ẹni tí ó ń gùn wákàtí púpọ̀ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí afẹ́fẹ́ ń bá wọ̀jà, yóò mọ ìyàtọ̀ yìí lára rẹ̀. Fún ọ̀nà tí ó dà pọ̀ tí ẹrù sì wà, 46 àti 30 níwájú pẹ̀lú 11 sí 34 lẹ́yìn ni mo yàn láàyò: jíà rẹ̀ tí ó fúyẹ́ jù fúyẹ́ ju 40 sí 42 lọ díẹ̀, èyí tí ó wúwo jù sì tó láti máa sáré ní nǹkan bí kìlómítà 50 ní wákàtí kan bí pẹ́dàlì bá ń yí ní 90. Fún ọ̀nà ẹrẹ̀, irin kan ni mo fara mọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó pààrọ̀ irin, kí ó wo ohun méjì tí ilé iṣẹ́ kọ nípa apá ẹ̀yìn: iye eyín tí ó tóbi jù tí ó lè gùn, àti iye ṣéènì tí ó lè fà mọ́ra. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, 16 tí ó wà láàárín 46 àti 30, pẹ̀lú 23 tí ó wà láàárín 34 àti 11, jẹ́ 39, ìyẹn sì ni iye ṣéènì tí ó gbọ́dọ̀ lè fà mọ́ra.

Ní ti bíréèkì, dísìkì, ìyẹn èyí tí ń fún àwo irin tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ni kí a lò, nítorí pé èyí tí ń fún rííìmù máa ń fi ẹrẹ̀ àti yanrìn ha rííìmù náà títí yóò fi tín-ín-rín. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá ọ́ìlì ni yóò máa tì í tàbí wáyà. Ti ọ́ìlì ni mo gbà níyànjú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í ṣe torí pé ó lágbára jù, bí kò ṣe torí pé ìka kan tó láti wọn agbára náà díẹ̀díẹ̀. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, táyà kò lè gba gbogbo agbára bíréèkì. Bí a bá fún un jù, ẹsẹ̀ a há, kẹ̀kẹ́ a sì máa yọ̀ lọ. Ti wáyà yẹ fún ẹni tí ó ń rìn jìnnà sí ibi tí ó ti lè rí àtúnṣe, torí wáyà kan nínú àpò tó, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, kan ṣoṣo nínú páàdì méjì tí ń fún dísìkì ló ń rìn, a sì gbọ́dọ̀ máa sún un mọ́ dísìkì bí ó ṣe ń jẹ. Ọ́ìlì pàápàá jẹ́ oríṣi méjì, DOT àti mineral, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nítorí rọ́bà inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. DOT máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ó ń yára hó bí ó bá ti pẹ́. Ẹni tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó pẹ́ jù kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀.

Dísìkì mìlímítà 160 níwájú tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó bá wúwo tàbí tí ó ń gbé ẹrù lè lọ sí 180 bí fọ́ọ̀kì rẹ̀ bá gbà á. Páàdì resin, èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle po, kì í pariwo, ó sì ń gbá dísìkì mú ní kíákíá, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ olómi àti yanrìn lè jẹ ẹ́ tán ní ìrìn kan. Èyí tí wọ́n fi irin ṣe ń pẹ́, ó sì ń fara da ooru, àmọ́ a máa dún, dísìkì kan sì wà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé resin nìkan ni ó gbà. Kí a yọ páàdì wò lẹ́yìn gbogbo ìrìn inú ẹrẹ̀, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ kí ohun tí ó kù lórí irin rẹ̀ tó di ìdajì mìlímítà. Bí òróró ṣéènì bá ta sí i, kò sí fífọ̀ tí ó lè dá a padà dáadáa: kí a fi sípíríìtì nu dísìkì, kí a wọ páàdì tuntun, kí a sì sáré díẹ̀ kí a fa bíréèkì rọra títí kẹ̀kẹ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ há, ní nǹkan bí ìgbà ogún, kí ó tó di pé a gbé e lọ sí orí òkè.