Ìwé ewé gbígbẹ: àgbálùmọ̀ Kàbà, títí di oṣù Kejì

Oṣù Kẹfà
Igi kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó sínú ìwé yìí: àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà ní Kàbà. Mo fẹ́ sá ẹ̀yà ara rẹ̀ gbẹ, kí n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ káàdì. Òdòdó ni mo kọ́kọ́ ká, torí kì í dúró deni. Ó kéré, kò sì funfun tán. Kì í yọ sórí ṣóńṣó ẹ̀ka bíi ti máńgòrò. Abẹ́ ewé ló ń ṣù jọ sí, níbi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, àti níbi tí ewé àtijọ́ ti já kúrò. Òjò kò jẹ́ kó tètè gbẹ. Àràárọ̀ ni mo ń pààrọ̀ ìwé ìròyìn tí mo fi tẹ̀ ẹ́ kó má baà bu.

Oṣù Kọkànlá
Ó kan ewé. Ibí ni mo ti pẹ́ jù, torí lójú tèmi, ewé ló ni igi yìí. Òkè rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ẹ yí i padà: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní irun wẹ́wẹ́ pupa rúsúrúsú lábẹ́; bó bá gbó, abẹ́ náà á funfun, á máa kọ yẹ̀rì nínú atẹ́gùn. Nítorí náà, méjì méjì ni mo ń lẹ̀ wọ́n, ọ̀kan dojú sókè, èkejì dojú bolẹ̀. Àwọn kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ìdábùú káàdì ni mo fi wọ́n sí.

Oje ni ogun ibẹ̀. Bí a bá já ewé, oje funfun á yọ lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìwé ìròyìn ti lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Mo ń ti ẹnu ọ̀pá náà bọ eérú títí oje á fi dì. Ìyá Àgbà wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èso ò tíì pọ́n, ewé lò ń ká. Ṣé o ti ra ewúrẹ́ ni?" Mo ní rárá mà, ìwé ni mo fẹ́ fi ṣe.

Oṣù Kìíní
Igi emi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ìbátan àgbálùmọ̀ ni. Sapotaceae ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé wọn, oje funfun sì wà lára àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n nínú ọyẹ́ yìí! Emi oko ti wọ́wé, ẹ̀ka gbígbẹ ló fi ń yọ òdòdó. Àgbálùmọ̀ tutù yọ̀yọ̀. Òun náà ń já ewé o, díẹ̀díẹ̀ ni, tuntun sì ti ń rọ́pò rẹ̀. Mo lẹ ewé àwọn méjèèjì sójú kan náà.

Oṣù Kejì
Èso kò ṣeé tẹ̀, mo yà á ní àwòrán. Mo gé e ní ìbú: kóró márùn-ún tò yí àárín ká bí ìràwọ̀. Kóró náà pẹlẹbẹ, ó ń dán, àfi etí kan tó ní ojú àpá. Okùn ni mo fi rán wọn mọ́ káàdì. Ìyókù, mo jẹ ẹ́.

Èèpo igi ló kù. N kò ní fi àdá ha á; bébà ni màá tẹ́ lé e lára, kí n fi èédú ra á títí ojú rẹ̀ á fi hàn. Ìdí igi náà ní igun-igun, bébà ńlá ni mo ń wá.