Ta ni yóò bá mi tọ́jú Tanímọ̀la?

Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo fẹ́ lò l'Ábújá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Tanímọ̀la, ajá mi, kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ẹnì kan ní kí n so ó mọ́ igi, kí n gbé omi sí i níwájú. Ọkàn mi kò gbà á rárá. Nínú oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ yìí? Tí omi ọ̀hún bá dànù ńkọ́?

Màmá oníláfún àdúgbò wa ló gbà mí. Àwọn ọmọ-ọmọ wà lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà mo kọ́kọ́ gbé ajá lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó ti ku díẹ̀ kí ti èṣí pé ọdún kan. Mo wá ń mú un lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kí ìrìn-àjò tó yá, kí ó lè mojú wọn. Lọ́jọ́ kìíní, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, kò fẹnu kan oúnjẹ títí mo fi dé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo bá a lábẹ́ tábìlì Màmá, ó gbé orí lé bàtà wọn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fún un ní ọbẹ̀ alálùbọ́sà, kò dáa fún ajá. Eegun adìẹ sísè náà máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún un lọ́fun."

"Ọmọ mi, mo gbọ́. Máa lọ, wàá bá a láyọ̀."

Mo pè wọ́n lánàá. Wọ́n gbé fóònù sí i létí. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi bọ́ lójú mi.