Ẹ Kú Làálàá Lórí Wa

Sátidé.

Òjò kò jẹ́ kí n yọjú síta lónìí, ó sì dùn mọ́ mi, nítorí iṣẹ́ wà nílẹ̀. Káàdì ìfẹ̀yìntì ni, fún Màmá kan tó kọ́ ọmọ ní Òkè-Àdó títí orí wọn fi funfun. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́, tí òun náà ti ń mú ọmọ lọ sílé ìwé báyìí, ló gbé iṣẹ́ náà wá. Ó ní òun ti yí Dùgbẹ̀ po, òun ti wo káàdì láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, gbogbo rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kí Màmá bó ṣe yẹ ká kí wọn.

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó bímọ, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹni tó náwó, ẹ kú ìnáwó. Ẹni tó sin òbí rẹ̀, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹni tó ń dirun lọ́wọ́ pàápàá, ojú gbooro la ó kí i. Kálukú ló ní tirẹ̀. Káàdì inú ìsọ̀ kò mọ èyí, torí ibi tó ti wá yàtọ̀. Lọ́dún 1843, Henry Cole, ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí lẹ́tà Kérésì tó yẹ kó fèsì sí ti pọ̀ jù fún un, ní kí ayàwòrán John Callcott Horsley ya àwòrán kan fún òun. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára gbogbo rẹ̀, wọ́n wá fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ẹni tí wọ́n ń kí àti orúkọ ẹni tó ń kíni. Ó yá, ó sì gba Cole lọ́wọ́ wàhálà. Kíkí tiwa kì í yára bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wá kíkí kí n tó wá pépà. Ti Màmá yìí, láti Ọjọ́rú ni mo ti rí i: Ẹ kú làálàá lórí wa. Ẹ ó jèrè wa.

Pépà náà wá láti Mọ́kọ́lá, lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Bí wọ́n bá gé káàdì ìpè ìgbéyàwó tán, àwọn tó ṣẹ́kù máa ń pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìgéwé, pépà tó nípọn dáadáa, wọn a sì tà á fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Wọn kì í sọ bó ṣe nípọn tó; òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn fúláwà ló ń sọ ọ́ fún mi. Ewé A4 mẹ́rìndínlógún ló máa bo mítà kan níbùú lóròó. Nítorí náà, pépà tí wọ́n ń pè ní 80, ìyẹn ni pé mítà kan níbùú lóròó rẹ̀ wọn gíráàmù 80, gíráàmù 5 ni ewé rẹ̀ kan máa wọ̀n. Bí ewé kan bá wọn 15, mo mọ̀ pé 240 ló wà lọ́wọ́ mi, ìyẹn sì dára fún káàdì. Èyí tí mo bá fẹ́ fi omi àti àwọ̀ kùn, mo máa ń fẹ́ kó tó 300, kó má baà rọ.

Pépà tún ní ìhà tó fẹ́ràn láti ká sí. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí òró, kí n tún tẹ̀ ẹ́ sí ìbú. Ibi tí kò bá ti bá ọwọ́ mi jà ni mo ti ń ká a. Ẹni tó bá ká a lódì, ọyẹ́ ló máa tú u fó: ojú ìká á sán, funfun á yọ. Lásìkò òjò bí irú èyí, ọ̀rinrin ni ọ̀tá. Inú ọ̀rá ni pépà mi ń gbé. Kí n tó ká a, bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán ni mo fi ń fa ìlà tó jinlẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, ẹ̀yìn ṣíbí ni mo sì fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ń ta egungun pẹlẹbẹ kan fún iṣẹ́ yìí lókè òkun. Ṣíbí náà tó.

Àná ni mo ti ṣe ara káàdì, mo sì fẹ́ kí ìlú wa hàn níbẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ọnà. Wọ́n á ro láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, wọ́n á fi ìyẹ́ yà á sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, ẹ̀lú kò ní lè wọ ibẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, páànù tí wọ́n gé ihò ọnà sí ni àwọn ọkùnrin máa ń gbé lé aṣọ, wọ́n á wá fi ẹ̀kọ nù ún. Ìyẹn yá ju ti ìyẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ti ìyẹ́ ni ọkàn mi fẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni Ìbàdàndùn: aṣọ tí wọ́n pín sí ojú onígun mẹ́rin-mẹ́rin, ọnà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú wọn, wọ́n sì to òpó Gbọ̀ngàn Mápó síbẹ̀, ṣíbí láàárín òpó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó. Àwọn ìyá rí ilé ńlá tuntun lórí òkè, kò bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ wọn yà á, ó di ti aṣọ wọn. Nígbàkigbà tí irinṣẹ́ àjèjì bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, àwọn ni mo máa ń rántí.

Lórí pépà, n kò lè lo ẹ̀lú gidi. Léraléra la ń ri aṣọ bọ inú ìkòkò ẹ̀lú, omi eérú sì wà nínú rẹ̀; pépà kankan ò ní yè é. Láfún nìkan ni mo rò. Mo jẹ́ kó ki, mo sẹ́ ẹ kó má ní kókó, mo fi ìyẹ́ ya òpó àti ṣíbí náà. Ọ̀pá ìyẹ́ ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ń fa èyí tó fẹ̀. Nígbà tó gbẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun búlúù lé e, fẹ́ẹ́rẹ́, láìjẹ́ kí omi pọ̀. Mo dúró kí ìyẹn náà gbẹ, mo wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ ẹ̀kọ kúrò. Ibi tí ẹ̀kọ ti sán, búlúù ti yọ́ wọlé, ó fa ìlà wẹ́wẹ́ gba inú òpó kọjá, irú èyí tí à ń rí lára aṣọ gan-an. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Pépà náà ká kò díẹ̀ nítorí omi, ni mo bá fi Bíbélì ńlá ilé wa àti ìwé mìíràn tẹ̀ ẹ́ di àárọ̀ yìí. Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ọ̀rọ̀ ló kù lónìí, ibẹ̀ sì ni mo ti ní ẹjọ́ gidi. Òǹtẹ̀ lẹ́tà tí wọ́n ń tà kò ní Ẹ, kò ní Ọ, kò ní Ṣ, àmì ohùn kankan ò sí níbẹ̀. Àwọn kan á fi òǹtẹ̀ náà tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá fi bírò to kan sí i nísàlẹ̀, ojú ẹni á sì rí i pé wọ́n rán an mọ́ ọn ni. N kò fẹ́ kí èdè wa jẹ́ ohun tí a ń tún ṣe lẹ́yìn. Nítorí náà mo ń gé tèmi lára írésà. Mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ lẹ́tà sórí pépà fẹ́lẹ́, mo ń da ojú rẹ̀ dé írésà, mo ń fi èékánná fín in lẹ́yìn. Á wọ ara írésà lódìlódì, bó ṣe yẹ kó wà, kó lè tẹ̀ jáde bó ṣe tọ́. Abẹ ni mo wá fi ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò.

Àmì ohùn ló gba ìrònú. Bí a bá gé àmì ìsàlẹ̀ bó ṣe wà lójú ìwé, àmì òkè ni yóò tẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú oríire ọkọ̀ á wá kí i kú oríire ọkọ́. Ìlà kúkúrú kan ṣoṣo ni mo gé, tí kò tẹ̀ sí ibì kankan, mo sì fi lẹ̀ mọ́ ìdí pẹ́ńsù. Èmi ni mo ń yí ọwọ́: mo dà á sí òsì, mo dà á sí ọ̀tún, ó ń ṣe méjèèjì. Ti abẹ́ Ẹ àti Ọ, abẹ́rẹ́ olórí róbótó tí àwọn télọ̀ ń lò ni mo fi ń tò ó.

Àbúrò mi obìnrin dúró tì mí níbi tábìlì. “Àǹtí mi, ṣé ẹ ò kúkú fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ ni?” Mo ní kó fi òǹtẹ̀ tẹ orúkọ ara rẹ̀ fún mi ná. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó fi àmì sí gbogbo rẹ̀, ó gbé e sókè sí fèrèsé. Ó ní láti ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, kò sí ẹni tó kọ orúkọ òun bẹ́ẹ̀ rí, kódà nínú ìwé ẹ̀rí òun. Kò tún bèèrè kọ̀ǹpútà mọ́. Ó mú pépà náà lọ sí yàrá rẹ̀.

Irinṣẹ́ tuntun tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru gbígbóná jáde, wà fún àwọn lẹ́tà yìí, òun àti páúdà kan tó máa ń yọ́. Mo kọ́kọ́ fi páúdà ọmọ pa ojú káàdì fẹ́ẹ́rẹ́, kí ọ̀rinrin má baà mú páúdà náà lẹ̀ síbi tí kò yẹ. Mo fi yíǹkì tí kì í tètè gbẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà, mo da páúdà lé e nígbà tó ṣì tutù, mo gbé káàdì dúró, mo gbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ ooru sí i. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀ bí iyọ̀ tí a bù wọ́n pépà. Lójijì ni ẹsẹ̀ Ẹ àkọ́kọ́ dán. Dídán náà rìn gòkè, ó bọ́ sórí k, ó bọ́ sórí ú, títí gbogbo “Ẹ kú làálàá” fi di wúrà tó wú sókè, tí àwọn àmì orí rẹ̀ náà wú, tí àfọwọ́bà lè fi kà wọ́n. Ojú Màmá kò dá ṣáṣá mọ́ báyìí, ìka wọn máa rí i.

Iná lọ kí n tó dé “Ẹ ó jèrè wa.” Mo gbé páànù sórí gáàsì, mo jẹ́ kó gbóná, mo fi ẹ̀mú di etí káàdì mú, mo gbé e sí òkè páànù láìjẹ́ kó kàn án. Ó yọ́ dáadáa, ó tiẹ̀ dọ́gba ju ti ẹ̀rọ lọ, torí kò sí afẹ́fẹ́ tó ń tì í. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ni kò lè ṣe é: ooru rẹ̀ ò tó, gbogbo páúdà ló sì máa fẹ́ dànù.

Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni iṣẹ́. Ó pè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. “Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an ni, ọwọ́ yín ò ní ṣì. Ṣé a lè rí àyè fi oríkì Màmá sí inú rẹ̀?” Inú káàdì ò lè gba oríkì àti orúkọ gbogbo àwọn tó fẹ́ fọwọ́ sí i. Ewé kejì ló máa gbà á: pépà fẹ́lẹ́ tí mo máa ká sí méjì, kí n lu ihò mẹ́ta sí ojú ìká, kí n fi òwú rán an mọ́ káàdì láti àárín. Mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má tẹ oríkì náà ránṣẹ́ lórí fóònù, torí kò ní fi àmì sí i, n kò sì fẹ́ méfò lórí oríkì ẹlòmíràn. Kó lọ bá ẹ̀gbọ́n Màmá, kí ìyá yẹn kì í fúnra wọn, kó gba ohùn wọn sílẹ̀ fún mi. Ó ní òun máa yà níbẹ̀ lọ́la bí wọ́n bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òwú funfun wà nílé, ṣùgbọ́n búlúù ni mo fẹ́. Màá wá a lọ sí Gbági lọ́jọ́ Ajé.