Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń mú kí ọ̀rá nípọn dọ́gba

Àlàfo tóóró tí ike yíyọ́ ń gbà jáde láàárín irin méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò bí ọ̀rá pẹlẹbẹ tí a fi ike ṣe kò bá nípọn dọ́gba. Bí kíki ike náà kò bá tilẹ̀ yí padà, tí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá fẹ àlàfo yẹn, ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá yóò fi nǹkan bí ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ti ike gidi tún máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àárín ni ike ti ń wọlé, nítorí náà agbára tó ń ti èyí tó ń lọ sí etí máa ń dín kù lọ́nà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀ bí èjìká ìkọ́ aṣọ, kí ibi tóóró tó kù níwájú lè kúrú ní etí ju àárín lọ.

Kọ̀ǹpútà ń ṣírò gbogbo èyí kí a tó gé irin rárá. Lójú mi, àǹfààní rẹ̀ tó ga jù ni pé ó ń fi ibi tí ike ti ń lọ́ra hàn, nítorí ike tó bá pẹ́ níbẹ̀ yóò jóná, àmì dúdú yóò sì hàn lára ọ̀rá. Síbẹ̀, a ṣì nílò ẹni tí yóò máa yí bóòtù ẹnu àlàfo náà, torí pé ike tó ń ti irin láti inú máa ń mú kí àárín rẹ̀ là díẹ̀.