Kí ẹ tó gbé RV lọ sí Mammoth Cave

Ẹni tó bá fẹ́ gbé RV, ìyẹn ọkọ̀ tàbí tírélà téèyàn lè sùn kó sì dáná nínú rẹ̀, lọ sí Mammoth Cave ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, iná àti omi ni kó kọ́kọ́ rò. Ihò àpáta yẹn ò ní sá lọ: èyí tí wọ́n ti wọ̀n nínú rẹ̀ ti ju máìlì 420, kò sì sí ihò míì tá a mọ̀ láyé tó gùn tó o. Àmọ́ Mammoth Cave Campground, ibùdó ìpàgọ́ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ihò, ọ̀pọ̀ àyè ibẹ̀ ni kò ní iná, kò sì ní ẹ̀rọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Maple Springs, ibùdó míì, ló ní iná àti omi, òdìkejì odò Green River ló sì wà.

Ibẹ̀ ni fóònù ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ọ̀nà tó yá jù ló máa júwe, ìyẹn sì lè gbà yín lọ sí Green River Ferry, pẹpẹ tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò kọjá odò. Kì í gbé RV, kì í gbé tírélà. Ẹni tó bá ti fa tírélà gígùn dé etídò, rífáàsì ló kù, a sì mọ bí rífáàsì tírélà ṣe máa ń rí. Ẹ gba Brownsville, afárá wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ibi tí kò sí iná lẹ fẹ́, ẹ da táǹkì ìdọ̀tí nù kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì pọn omi mímu kún táǹkì nígbà tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ibẹ̀. Omi gálọ́ọ̀nù 40 wúwo tó nǹkan bíi 330 pọ́n-ùn; kí lẹ fẹ́ fi gbé e láti ilé?

Bẹ́ ẹ bá dé, wẹ́ẹ̀jì ló ṣáájú. Ẹ fi há táyà kí ẹ tó tú tírélà kúrò lára mọ́tò. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró dọ́gba. Fíríìjì tó ń lo gáàsì kì í tutù dáadáa bó bá dagun, ó sì lè bàjẹ́ pátápátá.

Iná 30 amp, 3,600 wáàtì péré ni. Ẹ́síì lè jẹ 1,500, kẹ́tùlù oníná 1,500. Bí ẹnì kan bá tún tan máíkírówéfù, bírékà á já. Ẹ pa ẹ́síì kí ẹ tó se omi ẹ̀bà.

Ilé ìgbẹ́ ló ń dójú ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣí ẹnu táǹkì ìgbẹ́ sílẹ̀ torí pé rọ́bà tó ń gbé e dànù ti wà lára rẹ̀. Omi á ṣàn lọ, ìgbẹ́ á ṣẹ́ kù, á gbẹ, á sì ga bí òkìtì lábẹ́ ihò ṣáláńgá gan-an. Ẹ tì í pa títí táǹkì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí ẹ máa da omi púpọ̀ sí i. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dà á, ẹ kọ́kọ́ da ti ìgbẹ́, kí ẹ tó da omi ìwẹ̀ àti omi abọ́, kí ọṣẹ inú ìyẹn lè ṣan rọ́bà. Rọ́bà omi mímu kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Ẹ má gbé igi ìdáná láti ilé: kòkòrò tó ń pa igi ash máa ń bá a rìn. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀.

Ẹ tètè gba tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa fi wọ ihò lórí Recreation.gov, torí ó máa ń tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aago Central ni wọ́n ń lò níbẹ̀; aago ìlú Louisville fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Inú ihò ò kọjá nǹkan bíi 54°F, kódà ní July, ẹ mú súwẹ́tà. Bẹ́ ẹ bá wọ Gothic Avenue, ọ̀nà kan nínú ihò náà, ẹ wo òkè: èéfín àbẹ́là ni wọ́n fi kọ orúkọ sára àpáta. Stephen Bishop, ẹrú tó di amọ̀nà níbẹ̀ ní 1838, ló rí ọ̀pọ̀ ọ̀nà tẹ́nikẹ́ni ò tíì rìn rí nínú ihò náà.

Bẹ́ ẹ bá jáde, orí ẹní tí wọ́n rẹ sínú omi ọṣẹ lẹ máa gbà, nítorí àrùn tó ń pa àdán. Bàtà tẹ́ ẹ bá ti wọ̀ dé ihò mìíràn rí, inú ọkọ̀ ni kó wà.