Ẹ má fi gíga ọmọ wọn òye rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀sẹ̀ yìí lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ṣì ń dùn mí. Bí kíláàsì tiyín ṣe rí náà ni JSS2 tèmi rí. Ọmọ tí wọ́n mú láti páráìmárì 5 wá sí JSS1 wà níbẹ̀, tí kò tíì pé ọdún 11; ẹni tó ti pé 15 náà wà níbẹ̀, tó ti kiri ọjà fún àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó rántí ilé ìwé.

Ìbàlágà ni mo ń kọ́ wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí mo ṣe ní ọmú ọmọbìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ báyìí, gbogbo orí yí sẹ́yìn, sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìjọ. Ọmọ ọdún 12 ni, ṣùgbọ́n ó ga jù mí lọ. Ó fi ìwé bojú. Ni ọmọkùnrin kékeré kan níwájú bá nawọ́, ó dìde dáadáa, ó ní, "Mà, ṣé ó ti lóyún ni?" Kò fi bú u o, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà fa súwẹ́tà bo àyà nínú ooru yẹn, ó jáde. Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti bá a, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tún sọ: "Mà, mi ò ṣe nǹkan kan. Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣeré."

Òun náà rò pé ó ṣeé ṣe kóyún ti wà! Àgbà tí gbogbo wa ń pè ní àgbà.

Lọ́jọ́ kejì ìyá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ sí mi lójú gbogbo ọmọ lórí ìlà, bíi pé mo ń ba ọmọ jẹ́. Mo dákẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí: sílébọ́ọ̀sì ìjọba ni mo ń kọ́, n kì í ṣe ẹni tó ń ba ọmọ jẹ́. Ẹnìkan ní kí n na ọmọkùnrin yẹn. Mi ò nà án. Ta ni yóò tún béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìyẹn?

A ti yanjú rẹ̀, ọmọbìnrin náà àti ọmọkùnrin yẹn ti ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni bébà, òun ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ. Kí ẹ tó kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ pín bébà pélébé, kí wọ́n kọ ìbéèrè láìkọ orúkọ. Ọ̀kan nínú bébà tí mo gbà, ìkọ̀wé àgbà gan-an, béèrè bóyá ẹni tó bá jókòó sórí àga tí ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ lè lóyún. Òmíràn, lẹ́tà gbàǹgbà bíi ti ọmọdé, ń béèrè bóyá inú rírun nígbà nǹkan oṣù ní oògùn. Ta ló dàgbà níbẹ̀?

Ara ọmọbìnrin lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láti ọdún 8 sí 13, ti ọkùnrin láti 9 sí 14. Nítorí náà ẹ má wo gíga. Ẹ má sì sọ ọmọ gíga di mọnítọ̀ nítorí gíga. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn kọ nǹkan sí bébà náà, kẹ́ni tí kò ní ìbéèrè kọ oúnjẹ tó fẹ́ràn, kí wọ́n má baà mọ ẹni tó béèrè. Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ jó o.