Ìyá Kò-Burú wá dúpẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá tí mo jáde dúpẹ́ nínú ìjọ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin) níbí, orin ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹkún gba orin lẹ́nu mi, àwọn onílù gba ẹkún lọ́wọ́ mi, mi ò sì rí ẹ̀rí náà jẹ́ tán. Ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi sí èdè Ègùn gan-an kò mọ ohun tí ì bá túmọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Aránṣọ ni mí. Ọmọ Kétu ni mí, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni mo lọ́kọ sí, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà sí ọjà Ouando. Bí ẹ bá dé àdúgbò wa tí ẹ béèrè orúkọ mi, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ní Ìyá Kò-Burú lẹ̀ ń wá, ọmọdé pàápàá á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó bí orúkọ náà ni pé ohunkóhun tí èèyàn bá gbé wá bá mi, "Kò burú" ni mo fi ń dáhùn. Ẹ fẹ́ gba aṣọ lọ́la, aṣọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá lálẹ́ òní? Kò burú. Owó kò tíì sí lọ́wọ́? Kò burú. Ẹ fẹ́ fi ọmọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kí ẹ fi yà dé Kútọnu, ẹ ò sì ní padà títí ilẹ̀ á fi ṣú? Kò burú náà ni. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn nígbà náà. Oyè ni mo kà á sí.

Mi ò ní purọ́ níwájú Ọlọ́run: kì í ṣe inúure ló ń ṣe mí. Ẹ̀rù ni. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 7, ilé àbúrò bàbá mi ni mo dàgbà sí. Wọn ò fi oúnjẹ dù mí, wọn ò sì lù mí ju bí wọ́n ṣe ń lu ọmọ tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n mo tètè mọ̀ pé ọmọ tó bá kọ́kọ́ dìde nígbà tí wọ́n bá pe ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń yìn, ọmọ tí wọ́n bá sì ń yìn, wọn kì í rántí pé àtọ̀húnrìnwá ni. Mo wá ń dìde kí wọ́n tó pè mí. Mo ti pé ọmọ ogójì ọdún kí n tó jókòó.

Ọ̀rọ̀ àjọ ló kọ́kọ́ fẹ́ là mí lójú, èmi ni mo tún un dì. Àwa obìnrin 24 là ń dá a, 10,000 fáráǹkì lọ́sẹ̀, ẹni tó bá kàn á kó 240,000. Èmi ló yẹ kó kó o ṣìkejì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógún ló máa tó kàn án wá bá mi lóru, ó kúnlẹ̀, ó ní kí á jọ ṣe pààrọ̀, pé ọjà kan ń bọ̀ tí òun ò gbọ́dọ̀ pàdánù. Kò burú. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa ní ta ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Mo ní èmi ni. Ó kó owó ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kí ìkẹta tó pé, a gbọ́ pé ó ti wà ní Gàbọ́ọ̀nù.

Ọ̀sẹ̀ 22 ló kù. Mo ń dá 10,000 tèmi, mo ń dá 10,000 tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ iye tí aránṣọ ń gbà lórí aṣọ kan á mọ̀ pé oorun ojú mi ni mo fi ń dá a. Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù: nígbà tó pè mí lórí WhatsApp láti ọ̀hún, tó ń sunkún, èmi ni mo tún ń pẹ̀tù sí i lọ́kàn. Mo ní kó má wulẹ̀ rò ó. Ọkọ mi, tó ń fi alùpùpù gbé èrò láti ìdájí kí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ lè pé, wò mí títí. Kò sọ̀rọ̀. Ó ká ẹní, ó lọ sùn sí pálọ̀.

Àárín ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Tàńtí, fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Aṣọ ẹbí 14 ni wọ́n kó wá, ọ̀fẹ́ ni mo máa rán gbogbo rẹ̀ torí ìyàwó ilé ni mí. (Ẹ má rẹ́rìn-ín o: èmi aránṣọ ọ̀fẹ́ yìí, owó ni mo fi ra aṣọ ẹbí tèmi.) Mo rán 11. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí ìgbéyàwó ku ọ̀túnla, mo ń fi apá sí ìkejìlá nígbà tí mo rí i pé abẹ́rẹ́ di méjì. Mo nu ojú. Ó tún jẹ́ méjì. Mo fẹ́ tẹ ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi gbọ́ gbì tó sáré wọlé, orí mi ti wà lórí léèsì àwọn èèyàn. Wọ́n ní ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè nígbà tí mo lajú ni bóyá ẹ̀jẹ̀ ta sí i.

Nílé ìwòsàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 190 lórí 120. Dókítà ní ká ní wọ́n dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó gbé mi wá, ọ̀rọ̀ ì bá ti di nǹkan mìíràn. Ẹ bá mi dúpẹ́ níbí yẹn ná.

Àwọn èèyàn wá kí mi o, mi ò lè sọ pé wọn ò wá. Wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n gbé búrẹ́dì wá, wọ́n gbàdúrà. Ní ọjọ́ kejì oníbàárà mi kan wọlé, báàgì dúdú wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó kí mi, ó káàánú mi, ó wá fa aṣọ yọ. Ó ní òun ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu rárá, kí n ṣáà bá òun wo irú ọrùn tó máa bá a mu, kí aṣọ náà lè máa dè mí nílẹ̀. Omi ń kán wọ apá òsì mi láti inú ike tí wọ́n so kọ́. Mo na apá ọ̀tún, mo fi ìka méjì pa aṣọ náà wò bóyá ó nípọn. Mo ní, "Kò burú."

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó omi náà, ìyá àgbàlagbà kan, dúró. Ó gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó ká a dáadáa, ó dá a padà fún oníbàárà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó padà wá bá mi. "Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ?"

Mo ní kí ni mo sọ.

"Ẹ ní kò burú." Ó tún ọ̀pá omi náà ṣe. "Ó burú o."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá mi lọ.

Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ, ọkọ mi ní kí n kọ́kọ́ lọ sinmi ní Kétu lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. A gba Sakété, a gba Pọ́bẹ̀, mo sun gbogbo ọ̀nà náà bí ọmọ ọwọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Àgbà kò bi mí ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní kí n sin òun dé Àkàbà Ìdẹ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ò dé ibẹ̀ rí, ẹnu bodè Kétu àtijọ́ ni, ibi tí ilẹ̀kùn ìlú wà lára odi, tí àlejò gbọ́dọ̀ ti dúró kí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ kó tó wọlé. Àìmọye ìgbà ni mo ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní kékeré, mi ò wò ó rí. Ìyá Àgbà dúró níwájú rẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ nà án. Ó ní, "Ilẹ̀kùn tó ń ṣí tí kì í tì, ilẹ̀kùn kọ́ nìyẹn. Ihò ni."

Èmi náà ò gbẹ́nu dákẹ́, torí mo kàwé díẹ̀. Mo ní ṣebí pẹ̀lú ìdẹ̀nà náà ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ṣe kó Kétu ní 1886, tí wọ́n sì dáná sun ún. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. "Wọ́n kó o. Nígbà tí àwọn tó kù padà dé, ṣé wọ́n ní kí ìlú máa wà láìlẹ́nu ọ̀nà ni?" Ó ní ká máa lọ, oòrùn ti ń pa òun.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, mi ò yí padà lọ́jọ́ kan. Dígí gíga kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ lára wọn. Láàárọ̀ kùtù, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó dé, màá dúró níwájú rẹ̀, màá sọ pé, "Rárá." Ohùn mi á jáde bíi ti ẹni tó ń tọrọ omi mu. Lọ́jọ́ kan, ọjọ́ tó jáde gbẹnugbẹnu, ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ó rò pé òun ni mo ń bá wí, ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́, ó ní, "Ẹ má bínú, mà."

Iwájú dígí náà ni mo ti rí i pé aṣọ ọrùn mi ti ṣá, abíyá rẹ̀ ti tú. Aṣọ aránṣọ! Ọdún 9 ni mi ò ti rán nǹkan kan fún ara mi àfi àjókù aṣọ tí oníbàárà kò béèrè. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi àgbà, mo ní kó mú téèpù, kó wọ̀n mí bó ṣe ń wọn oníbàárà. Ó ṣí ìwé, ó kọ orúkọ mi, orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ó wọn àyà, ó wọn ìbàdí, ó wọn apá, ó wá gbé ojú sókè: "Ìgbà wo lẹ fẹ́ gbà á, mà?" Mo ní kó fi ọ̀sẹ̀ méjì sí i, èmi náà á tò sórí ìlà.

Tàńtí dé lẹ́yìn oṣù méjì, ó kó aṣọ ìsọmọlórúkọ 6 wá. Ọ̀fun mi gbẹ. Mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ kí wọ́n má baà rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo kúnlẹ̀. "Tàńtí, màá rán an fún yín. Ṣùgbọ́n kò ní lè jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì ní yá lọ́sẹ̀ yìí. Iye tí mo ń gbà rèé, mo ti yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ torí pé ẹ̀yin ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n palẹ̀ aṣọ mọ́, wọ́n ní àìsàn yìí ti dé orí mi. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ náà, wọ́n pín ẹran dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n fò mí. Ó dùn mí wọra. Lóru ọjọ́ yẹn mo gbé fóònù pé kí n pè wọ́n, kí n tọrọ àforíjì. Ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n sùn. Mo sùn. Ilẹ̀ mọ́, mi ò kú, Tàńtí náà ò kú. Nínú oṣù karùn-ún wọ́n rán ọmọ wọn wá, aṣọ méjì, ìdajì owó wà nínú àpòòwé.

Ní ti àjọ, a dá a tán. 240,000 tèmi kàn, inú gbèsè ló wọ̀ lọ. Nínú 220,000 tí mo bá ọ̀rẹ́ mi dá, ó ti fi 60,000 rán àbúrò rẹ̀ sí mi, ó ku 160,000. Àwọn ará kan ní kí n fi jì í, ṣebí Kristẹni ni mí. Mo ti dárí jì í látọkàn wá. Owó ni mi ò fi jì í.

Oṣooṣù ni mo ń lọ yẹ ara wò. Ti oṣù yìí jẹ́ 130 lórí 80. Mo ń lo oògùn mi láràárọ̀, mi ò fi ẹ̀rí dípò oògùn.

Aṣọ tí wọ́n wọ̀n mí rán yẹn ni mo wọ̀ lọ dúpẹ́. Àǹkárá aláwọ̀ aró ni, ó jókòó sí mi lára bí ẹni pé wọ́n fi bí mi. Bí a ṣe jáde nínú ìsìn, arábìnrin kan di apá rẹ̀ mú, ó yẹ ìránṣọ rẹ̀ wò nínú àti lóde, ó ní òun ní òde kan ní Ìgólò lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ṣé mi ò ní yá òun. Ẹnu mi ti là. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn ti wà lórí ahọ́n mi, ó ku kí n tu ú sílẹ̀.

Mo ní, "Rárá o, àbúrò mi. Mo ṣì fẹ́ wọ̀ ọ́."

Ó wo aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jù ú sílẹ̀. Ó ní, "Kò burú."